Omi Ọdún Wo? Bí Mo Ṣe Múra Kíláàsì Ìtàn Òótọ́

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka wa ránṣẹ́ pè mí. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kẹta ní Creative Nonfiction, ìyẹn kíkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ kó dùn ún kà bí ìtàn àròsọ, ti rí físà gbà, ó ti ń dìrù lọ sókè òkun, wọ́n sì ní kí n gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 11 ni mo ti fi ń kọ́ni ní ewì àti eré oníṣe ní yunifásítì yìí. Èyí ni mi ò kọ́ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ 28, ọ̀sẹ̀ 13, wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń lọ fi sílẹ̀ fún mi ò ju bébà kan lọ, orúkọ ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì kún inú rẹ̀.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kí ẹni tí wọ́n bá já irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ lè rí ibi tí mo ti fẹsẹ̀ kọ.

Orúkọ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Àwọn ọmọ náà á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n lè dá ìyá wọn lóhùn nílé tó bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kọ́. "Àròkọ" tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdírì ò tẹ́ mi lọ́rùn. "Rò" wà nínú rẹ̀, èèyàn sì lè jókòó sójú kan kó ro ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo wá ní kí n máa pè é ní ìtàn òótọ́. Mo sọ ọ́ fún àgbà olùkọ́ kan ní ẹ̀ka èdè Yorùbá, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìtàn òótọ́ kẹ̀? Bí irọ́ bá ti wọ̀ ọ́, àlọ́ ni. Kí ni 'òótọ́' ń wá lẹ́yìn ìtàn?" Mo ní ó yé mi, mo sì fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló padà jàre.

Ohun kan ṣáà dá mi lójú: mi ò lè ní kí ọmọ ọlọ́mọ tú àṣírí ilé wọn síta kí èmi jókòó síwájú bí adájọ́. Tèmi ni n óò kọ́kọ́ kà sí wọn létí. Mi ò ní láti wá a jìnnà, ó ti wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà ni mo ti ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, fún àna, fún ẹni tí a bá jọ wọ ọkọ̀ kan náà: ìtàn Omíyalé.

Ará Ìbàdàn tó bá ti tó ọjọ́ orí mi ò nílò àlàyé. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì ya wọ ìgboro. Ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Omi náà gba inú Ọgbà Agodi kọjá, ó ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ó wọ ilé, ó wọ ọjà, ó ń gbé mọ́tò kiri bí igbá. Aráàlú ló fúnra wọn sọ ọ́ lórúkọ: omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù. Ilé tí a háyà nígbà náà ò jìnnà sí odò yìí, lápá Mọ́lété.

Nínú ohun tí mo kọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn mi. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, bàtà wa ti ń léfòó nínú pálọ̀. Bàbá mi gbé mi kọ́rùn, ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú ṣinṣin, ó sì wọ inú omi tó dé e láyà, ó dorí kọ títì. Mo fi imú mi sí inú irun rẹ̀; òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni mo ń gbọ́. Ó ní, "Má wẹ̀yìn, ọmọ mi." Ojú ìwé mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi kà á, ó nu ojú. Mo ti rí i pé kíláàsì mi ti yọrí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń to ètò ọ̀sẹ̀ kìíní, mo fẹ́ fi orúkọ ọjọ́ kún gbólóhùn àkọ́kọ́, bóyá Mọ́ńdè ni tàbí Túsìdeè. Mo ṣí kàlẹ́ńdà orí fóònù mi, mo ń fọwọ́ fà á sẹ́yìn, ó pẹ́ kí n tó dé 1980. Sọ́ńdè ni. Mo pa á, mo tún un ṣí. Sọ́ńdè náà ni. Ta ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Ká tiẹ̀ ní kì í ṣe Sọ́ńdè, nínú oṣù kẹjọ, ṣebí họlidé gígùn la wà.

Kí n má purọ́ fún yín, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo pa "yunifọ́ọ̀mù" rẹ́, mo kọ "aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì" sípò rẹ̀. Mo yí "ilé ìwé" padà sí "ìsìn àárọ̀". Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Ìtàn náà ò sì mira. Ó ń dán bíi tàtẹ̀yìnwá. Ìgbà tí mo kà á tán tí mi ò rí ojú àpá kankan lára rẹ̀ ni ẹ̀rù wá bà mí. Bí mo bá lè pààrọ̀ aṣọ ọrùn ara mi báyìí láìlàágùn, kí ni mo ti pààrọ̀ ṣáájú rẹ̀ tí mi ò mọ̀?

Ilẹ̀ mọ́, mo pe Àǹtí mi, àkọ́bí wa. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Omíyalé, aṣọ wo ni mo wọ̀?"

"Omíyalé wo?"

"Ti 1980 mà."

"Ìwọ? O ò sí n'Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀yọ́ la ti lo họlidé yẹn, èmi àti ìwọ. Inú rédíò la ti gbọ́ ọ. Ìyá Ọ̀yọ́ ò fojú ba oorun, orúkọ Màmá ló ń pè títí ilẹ̀ fi mọ́."

Mo ní ṣùgbọ́n mo rántí omi. Mo rántí ọrùn tí mo gùn. Àǹtí mi dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń da omi sí nǹkan nínú kíṣìnnì. "Á jẹ́ ti kékeré un nù un. Èyí tó ṣáájú. O ṣì wà ní pírámárì wáànù nígbà yẹn."

Mo gba ilé ìkàwé lọ. Òótọ́ ló sọ. Ògùnpa ti ya ní 1978 náà, ó sì gbẹ̀mí èèyàn. Ti 1980 ló wá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá dárúkọ Omíyalé lónìí, ti 1980 ló ń wí. Bí ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa omi ńlá láti ọdún yìí wá ni èmi náà ti gbé omi kékeré tèmi, mo dà á sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mo gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, nítorí ìwé òyìnbó tí mo kà sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Kí lo tàn yẹn?"

"Mo fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀ ni mà, kí n má baà gbàgbé."

"Kí wọ́n wá máa gbọ́ mi ní yunifásítì? Pa á."

Mo pa á. (Ó ti di òfin kìíní kíláàsì wa báyìí: béèrè kí o tó tàn án, bí wọ́n bá sì ní kí o pa á, má bá wọn jiyàn.) Ìwé àti báírò ni mo lò. Màmá ti lé ní 80, àmọ́ orí rẹ̀ ṣì pé jù tèmi lọ. Ó sọ bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀, ibi tó kó àpótí aṣọ rẹ̀ lé, ẹni tó ké gbàjarè lójúde. Mo ń kọ ọ́. Mo wá bi í pé ta ló gbé mi kọ́rùn.

"Káfíńtà ni. Èyí tó ń ṣe àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ."

"Bàbá ńkọ́ mà?"

"Bàbá yín ò sí nílé." Ó dìde, ó lọ wo ìkòkò lórí iná. Nígbà tó padà dé, iye tí wọ́n ń ta rodo lọ́jà ló ń bá mi sọ.

Káfíńtà. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ mi nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ yẹn, láti kékeré ló ti wà nímú mi, mi ò sì fìgbà kan bi ara mi pé kí ni òórùn pákó ń wá lórí bàbá mi. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi. Igi kan ṣoṣo tó ń fọwọ́ kàn láti àárọ̀ títí alẹ́ ni pẹ́ńsùlù. Imú mi ti mọ ẹni tó gbé mi láti 1978. Orí mi ni ò gbà fún un.

Mo padà sílé, mo tẹ ojú ìwé mẹ́rin náà jáde, mo wá báírò mẹ́ta. Ohun tó bá ṣojú mi kòró, mo fi pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ̀yìn mi tí wọ́n sọ fún mi, búlúù. Ohun tí mo fi kún un kó lè dùn, dúdú. Gbólóhùn 61 ló wà níbẹ̀. Pupa gba 11, búlúù gba 19, dúdú kó 31 lọ. "Má wẹ̀yìn, ọmọ mi," dúdú ni. Omi tó dé àyà, dúdú; Màmá ní kò ju orúnkún àgbàlagbà lọ nígbà tí wọ́n gbé mi jáde. Bàtà tó ń léfòó, pupa: Àǹtí mi náà rántí rẹ̀ láìjẹ́ pé mo dárúkọ rẹ̀ fún un. Òórùn pákó, pupa tó pupa jù lọ.

Ọgbọ́n báírò yìí kì í ṣe tèmi. Èdè wa ló ti pín in sílẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àgbàlagbà tó ń ro ẹjọ́ kì í da ọ̀rọ̀ pọ̀. Á ní "ó ṣojú mi", á ní "wọ́n ní", á ní "bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn". Ẹni tó bá fi "wọ́n ní" sílẹ̀, ẹgbẹ́ ìgbẹ́jọ́ á bi í pé ṣé ìwọ wà níbẹ̀. A dé yunifásítì tán la fi "wọ́n ní" sílẹ̀ pé kì í jẹ́ kí gbólóhùn lágbára.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bébà àwọn ará Amẹ́ríkà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, tí mo lọ fa ohun méjì yọ nílé wa. Èkíní ni lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837 nígbà tó wà ní Sierra Leone, nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún 16 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn dára, wọ́n ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni wọ́n gbọ́ pé ogun ti dé. Ẹ ò rí i bí oúnjẹ tó wà lórí iná ṣe ń dun èèyàn nínú ìtàn yẹn. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú sí: níbi tó ti fẹ́ sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni, "mo rò pé" ló fi ṣáájú. Ogun kó ilé bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ọdún tí kò dá a lójú, kò fi àyà là á. Kò sì sí ẹni tó ka lẹ́tà náà tó ní "mo rò pé" yẹn ba ìtàn jẹ́.

Èkejì ni Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin yìí jáde. Arúgbó ni, ó ń ṣàìsàn, ó ń jẹ́wọ́ bó ṣe fi ayé rẹ̀ bá ọkùnrin ṣeré. Ó dárúkọ àdúgbò, ó fi orin sí i, ó ń da omijé sínú lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹnì kan wà ní kọ̀rọ̀ ilé kan l'Èkó tó ń kọ ọ́ lóòótọ́. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó di ìwé ní 1930. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an, mi ò sì bá Thomas jà. Ohun tí mo ń mú un lọ sí kíláàsì fún ni pé àwọn ọmọ máa ń rò pé tí àwọ̀ ìlẹ̀kùn bá ti wà nínú ìtàn, tí orúkọ òpópónà wà níbẹ̀, òótọ́ ti dé nìyẹn. Sẹ̀gilọlá ní gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rin tèmi náà ní i.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló wá kù, òun ló sì gba oorun lójú mi. Mo padà pe Àǹtí mi. Ó sọ ibi tí bàbá wà lọ́dún yẹn fún mi, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sọ ọ́ gùn. Nígbà tó parí, ó ní, "O ò ní kọ ìyẹn, àbí? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Màmá ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ ni bàbá ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò bára mu, bàbá sì ti kú láti 2003. Kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ìwé òyìnbó kan lórí tábìlì mi sọ pé òǹkọ̀wé ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ẹbí. Mo rò ó títí. Ẹni tó kọ ìyẹn ò ní lọ jẹ iyán lọ́dọ̀ ìyá mi ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kọ "bàbá mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà", mo sì fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi, èmi kọ́ ni n óò sọ ọ́. Òǹkàwé á rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo dé ọmọrí lé. Àwọn kan á ní ìbẹ̀rù ni. Bóyá. Lójú tèmi, ẹni tó fi ọmọrí dé ìkòkò lójú gbogbo èèyàn ò tíì purọ́. Ẹni tó kó bàbá rẹ̀ sórí omi tí kò sí níbẹ̀ ló purọ́, èmi sì ni.

Ètò kíláàsì tó kù ò gba ọjọ́ púpọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, olúkúlùkù á gba ojú ìwé mẹ́rin mi àtijọ́, n ò ní sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n á gba èyí tí mo fi báírò mẹ́ta fàlà sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tiwọn: ojú ìwé mẹ́ta lórí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n á yẹ kàlẹ́ńdà wò, wọ́n á sì bi èèyàn méjì tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ò ṣeé kọ lè kọ nípa ọjà tàbí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mi ò ní bi í pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò bá sí ẹni tó rántí rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní "ó ní kí n má wẹ̀yìn", kí wọ́n má ki àmì àyọlò mọ́ ọn lórí. Nínú máàkì 30 ti iṣẹ́ àárín sáà, 10 wà fún ìwé ìwádìí wọn, bó ti wù kó rí wúruwùru. Wọ́n á kùn sí ìyẹn. Wọ́n ń kùn sí ohun gbogbo.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Mọ́ńdè tí kíláàsì á bẹ̀rẹ̀, mo tẹ ẹ̀dà tuntun náà jáde, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Màmá kí n kà á sí wọn létí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Mo kà á ní Yorùbá, bí mo ṣe ń kà á ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí. Níbi tí mo ti sọ pé bàbá ò sí nílé, tí ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mi orí díẹ̀, wọn ò wí nǹkan kan. Mo kà á dé ibi tí káfíńtà ti gbé mi kọ́rùn jáde dé títì. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Àǹtí ẹ ńkọ́?"

"Mà?"

"Àǹtí ẹ ló kọ́kọ́ gbé. Ó gbé e dé títì tán ló tó padà wọnú omi wá gbé ìwọ. Ìgbà méjì ló wọ omi yẹn. O ò kọ ọ́ síbẹ̀."

Àǹtí mi ò sọ ọ́ fún mi. Mo fa báírò búlúù yọ lápò.